Lẹ́tà ṣíṣí sí Miko Miyazaki, paladin tí kò jẹ̀bi rí lójú ara ẹ̀

Àǹtí Miko, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Mo mọ̀ pé ẹ ti kú láti 2007, mo sì mọ̀ pé òkú kì í ka lẹ́tà, àmọ́ àwa tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ò tíì sinmi lórí ọ̀rọ̀ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ lójú gbogbo ayé, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lè mọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tí ò mọ̀ yín rí, kọ́míìkì kan ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, The Order of the Stick, Rich Burlew ará Amẹ́ríkà ló ń kọ ọ́ tó sì tún ń yà á láti 2003, ó ti lé ní apá 1,300 báyìí kò sì tíì parí. Àwòrán ẹ̀ ò ní wàhálà kankan, orí róbótó, ìlà fún apá, ìlà fún ẹsẹ̀, ó tán. Ayé eré Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí èèyàn ti ń ṣe bí akọni, ni ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà nínú ẹ̀ sì mọ òfin eré yẹn, wọ́n tiẹ̀ máa ń jiyàn lé e lórí láàárín ìjà. Àwọn òǹkàwé ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ní 2012 wọ́n dá owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là jọ kí wọ́n lè tún àwọn ìwé ẹ̀ tẹ̀. Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ̀yin paladin, ìyẹn jagunjagun tó ti búra fún òrìṣà àti òfin, lẹ wá dé lẹ́yìn ìgbà yẹn tí ẹ̀rín wá ń há síni lọ́fun.

Títí dòní, tí òǹkàwé méjì bá ti dárúkọ yín, ìjà dé nìyẹn. Àwọn kan ní ìkà ni yín, pé ẹ ò yàtọ̀ sí Xykon, oṣó tó ti di eegun lásán tó sì ṣì ń rìn kiri tó ń fi ẹ̀mí èèyàn ṣeré. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé nínú gbogbo wọn ẹ̀yin nìkan lẹ mú òfin ní òfin, pé òǹkọ̀wé ló kórìíra yín tó wá mọ̀ọ́mọ̀ da yẹ̀pẹ̀ sí gàrí yín. Mo ti gbọ́ tọ̀tún, mo ti gbọ́ tòsì, kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì. Èmi gbà pé ojú yín ríran, ó ríran ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ gan-an, ẹ ò kàn fìgbà kankan fi wo ara yín ni, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yìn yín ná. Ẹ kì í purọ́, ẹ kì í gba rìbá, ẹ̀rù kì í bà yín. Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ mú èèyàn mẹ́fà wá, ẹ̀yin nìkan o, kò sí sọ́jà kankan lẹ́yìn yín. Roy ni olórí wọn, jagunjagun ni, Haley olè wà níbẹ̀, Durkon àlùfáà aràrá, Vaarsuvius onídán, Elan olórin tí ọpọlọ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé, àti Belkar kúkúrú tó jẹ́ pé tó bá pa èèyàn ni inú ẹ̀ máa ń dùn. Ẹ̀sùn wọn kì í sì í ṣe ẹ̀sùn kékeré. Géètì márùn-ún ló wà tí wọ́n fi sé ohun abàmì kan mọ́ kó má baà run gbogbo ayé, Elan sì ti fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ ohun tí ò yẹ kó tẹ̀, géètì kan ti lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní kò yẹ kí wọ́n mú wọn, bóyá kò ka ibẹ̀ dáadáa ni.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà bẹ̀rẹ̀ lèmi ń wò. Ẹ̀yin paladin ní páwà kan, tẹ́ ẹ bá ti wo nǹkan báyìí, ẹ máa mọ̀ bóyá ibi wà lára ẹ̀. Ẹ wo Roy, ẹ rí ibi tó ń tàn yòò, idà jáde. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn kì í ṣe irọ́ o, ibi wà níbẹ̀ lóòótọ́. Adé Xykon ni ọkùnrin yẹn gbé sínú ẹrù, òun gan-an ló ṣẹ́gun Xykon nígbà àkọ́kọ́ tó wá mú adé ẹ̀ dání, adé ló ń tàn, kì í ṣe Roy. Ká ní ẹ bèèrè pé "kí lẹ gbé sínú àpò?", ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àmọ́ ẹ ti ní ìdáhùn kẹ́ ẹ tó rí wọn, páwà yẹn kàn wá fọwọ́ sí i fún yín ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé tó ń ka lẹ́tà yìí bá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ adé yẹn sọ́kàn, torí lójú tèmi ibẹ̀ lòǹkọ̀wé ti sọ gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí, ẹ̀rín ló fi bò ó tí ọ̀pọ̀ wa ò fi tètè rí i.

Ẹ ṣì rántí pé Roy nífẹ̀ẹ́ yín nígbà kan? Ó ń wò yín tìtìjú-tìtìjú, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ṣì ń wá àwáwí fún yín. Ìgbà tó yá ló wá sú u, ó wá sọ ọ́ sí yín lójú pé ìwà ìpáǹle lẹ ń hù, pé ẹ wá fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ paladin torí kẹ́nì kankan má baà lè bá yín wí. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, mi ò ní purọ́. Èsì yín ńkọ́? Ẹ lu gbogbo wọn, ẹ fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n, ẹ wọ́ wọn lọ sí Azure City, ìlú yín. Pé ẹ borí nínú ìjà, ẹ kà á sí pé ẹ jàre nínú ọ̀rọ̀ náà ni. Ẹ dẹ̀ mọ idà lò o, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ yín.

Ibi tó wá le nìyí, ibi táwọn tó ń gbèjà yín máa ń dì mú, wọn ò sì jayò pa. Ẹ ò jẹ̀bi nínú ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ fura sí. Belkar pa gáàdì kan nígbà tó ń sá kúrò lẹ́wọ̀n, ẹ lé e káàkiri ààfin, ẹ̀yin lẹ jàre, ó tiẹ̀ ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ pa òun kẹ́ ẹ lè pàdánù páwà yín, ẹ wá wo irú èèyàn tí wọ́n ní kí ẹ fi ṣe ọ̀rẹ́. Shojo olórí ìlú ńkọ́? Onírọ́ gidi ni. Ó ń ṣe bí ẹni tí ogbó ti dà lọ́pọlọ rú, ó ń bá ológbò ẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ìjòyè, torí káwọn ọlọ́lá ìlú má baà rán èèyàn wá pa á. Ọpọlọ ẹ̀ dẹ̀ pé bó ṣe yẹ. Ẹjọ́ tí wọ́n ṣe fún Roy àti àwọn èèyàn ẹ̀, eré ni, Eugene bàbá Roy tó ti kú ló para dà tó ń ṣe adájọ́ àtọ̀runwá. Gbogbo ẹ̀ kò ju pé Shojo fẹ́ rán wọn lọ wo àwọn géètì tó kù lọ, nǹkan tí ẹ̀yin paladin ti búra pé ẹ ò ní ṣe. Ó tan àwọn ọmọ ogun ara ẹ̀ jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tẹ́nì kan bá ní Shojo ò jẹ̀bi, èmi ò sí lẹ́yìn ẹni yẹn.

Àmọ́ kí lẹ ṣe sí ohun tẹ́ ẹ mọ̀?

Ẹ ti rí Xykon àti àwọn ọmọ ogun goblin tó ń bọ̀, ẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ gun ẹṣin eré-eré wálé láti wá kìlọ̀ fún ìlú. Ó ti rẹ̀ yín, ara ń dùn yín. Bẹ́ ẹ ṣe dé lẹ gbọ́ tí Shojo ń bá Roy sọ̀rọ̀, wọn ò mọ̀ pé ẹ ń gbọ́, ẹ gbọ́ pé orí ẹ̀ pé, ẹ gbọ́ pé ẹjọ́ yẹn kì í ṣe ẹjọ́. Òótọ́ ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbọ́, bí ti adé ìjọ́sí gẹ́lẹ́. Ẹ wá gbé òótọ́ kan lé òótọ́ kejì, ẹ ní ẹni tó lè pa irọ́ yìí á pa tọ̀hún, ẹ ní Roy ti wà nílé Xykon rí, ẹ ní wọ́n ń ṣe é pọ̀ ni, Shojo ń bá Xykon ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ń bá Xykon ṣiṣẹ́. Kò sí ẹ̀rí kankan fún èyí tó kẹ́yìn yẹn, òun gan-an lẹ sì dìde lé lórí. Hinjo wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Shojo ni, òun ló máa gorí oyè lẹ́yìn ẹ̀, paladin bíi tiyín, inú ń bí òun náà sí ọ̀rọ̀ tó gbọ́. Ó ní òun máa mú Shojo, ó máa lọ síwájú adájọ́. Òfin tẹ́ ẹ fi gbogbo ayé yín sìn nìyẹn, ó dúró síwájú yín, ó ní ẹ jẹ́ kóun ṣiṣẹ́ òun. Ẹ ò gbọ́ tiẹ̀. Ẹ gbé idà, ẹ pa bàbá arúgbó tí ò mú nǹkan kan lọ́wọ́.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, àǹtí, ẹ̀yin ò tiẹ̀ gbọ́ tẹnì kan tán.

Àwọn òrìṣà méjìlá tẹ́ ẹ ń sìn ò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba páwà yín. Mo ti ka ojú ewé yẹn lọ kà á bọ̀, ohun tó máa ń dùn mí jù níbẹ̀ kì í ṣe pé páwà lọ, ohun tẹ́ ẹ ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ni. Torí òfin eré yẹn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ paladin tó ṣubú o. Idán ètùtù wà, àlùfáà lè ṣe é fún un, páwà ẹ̀ á padà, kìkì pé ó gbọ́dọ̀ kábàámọ̀ dénú. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ò ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ. Ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo òkè, ẹ wo Roy, ẹ wo Hinjo, ẹ wo gbogbo ibi tí ẹ̀bi lè wà àyàfi ibi tẹ́ ẹ dúró sí, Hinjo náà di ọ̀dàlẹ̀ lójú yín. Roy ló lù yín bolẹ̀ níkẹyìn tí wọ́n fi rí yín tì mọ́lé.

Ọgbọ́n kan wà tẹ́ ẹ dá tó jẹ́ pé tí èèyàn bá ti wọ inú ẹ̀, kò sí ọ̀nà àbájáde. Tí nǹkan bá dáa fún yín, àwọn òrìṣà wà lẹ́yìn yín. Tó bá bàjẹ́, àwọn òrìṣà ní ètò kan fún yín. Tí wọ́n gba páwà yín, ètò ni. Wọ́n tì yín mọ́lé, ètò ni. Ogun Xykon dé, ẹ jáde lẹ́wọ̀n, hẹ̀n-ẹ́n, ẹ ò rí i bí? Ẹ sọ fún mi, àǹtí, kí ló kù tí òrìṣà lè ṣe láti fi sọ fún yín pé ẹ ti ṣìnà? Àwọn tó ní òǹkọ̀wé rẹ́ yín jẹ, ìbéèrè yìí ni mo máa ń bi wọ́n, mi ò tíì rí ẹni tó dá mi lóhùn kó má bínú.

Ẹ wọ yàrá ìtẹ́. Ìlú ti ń jóná, Xykon ti ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tí idán wèrè wà lára ẹ̀ sáàárín àwọn paladin, bọ́ọ̀lù ń tọ káàkiri, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń ya wèrè, wọ́n ń para wọn. Ohun tó burú jù tí mo rí nínú kọ́míìkì yẹn nìyẹn, ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n sì fi ṣe é. Àmọ́ ẹ̀mí àwọn tó kú jí dìde, Soon Kim tó dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ wà níwájú wọn, wọ́n sì ń nà Xykon àti Redcloak, àlùfáà goblin tó ń tẹ̀ lé e, nínà tí wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Ó kù díẹ̀ kí gbogbo ìtàn yẹn parí síbẹ̀, ká máa lọ sílé. Ẹ wọlé, ẹ rí òkúta sàfáyà tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn géètì márùn-ún yẹn, ẹ ní ìdí tí wọ́n fi dá mi sáyé nìyí, ẹ fi idà fọ́ ọ.

Wọ́n á ní "àṣẹ ẹgbẹ́ yín ni, kàkà kí géètì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ẹ bà á jẹ́." Òótọ́ ni, O-Chul náà ti fẹ́ fọ́ ọ ṣáájú yín, wọ́n dá a dúró kí idà ẹ̀ tó kàn án, kò sì sẹ́ni tó bú O-Chul. Kí ló wá yàtọ̀? O-Chul wo yàrá yẹn, ó rí i pé kò sí ìrànlọ́wọ́ mọ́, òun nìkan ló kù, ó wá ṣe ohun tó kù. Ẹ̀yin wọlé bá àwọn tó ń borí. Ẹ ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Soon fúnra ẹ̀ dúró síbẹ̀, ẹ ò bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Xykon àti Redcloak jàjà bọ́, ìlú lọ, ẹ̀yin náà gé sí méjì.

Níbi tí mo dé yìí, mo fẹ́ kí àwọn tó ń bú yín náà gbọ́. Àwọn kan nínú wọn ń ka ikú yín bí ẹni ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe wọlé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ òrukàn ni yín. Ilé àwọn monk lẹ ti dàgbà. Shojo yẹn náà ló mú yín wọ ẹgbẹ́, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọ tí ò ní bàbá. Àwọn paladin ẹlẹgbẹ́ yín ò lè bá yín gbé pẹ́, wọ́n á rán yín níṣẹ́ ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè simi, kò sẹ́ni tó jókòó tì yín sọ pé "Miko, èyí tó o ṣe yìí ò dáa." Roy ló sọ ọ́, ìbínú ló sì fi sọ ọ́. Windstriker ẹṣin yín nìkan lọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ ní. Tí èèyàn bá ka gbogbo ìyẹn tó ṣì ní ìkà pátápátá ni yín, òun náà ti wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan tó sì ti fa idà yọ, mi ò ní sọ ẹni tó fi jọ.

Ẹ̀hónú kejì tí wọ́n máa ń gbé wá ni ti Belkar. Wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, apànìyàn yẹn ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, òǹkọ̀wé fún un láyè, Miko tí kò jalè rí, wọ́n pa á. Ó jọ ìrẹ́jẹ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo bí ti Belkar ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣàìsàn, ó lá àlá, Shojo tẹ́ ẹ pa ló yọ sí i lójú àlá, ó ní kó kàn máa díbọ́n bí ẹni tó ń bá àwọn yòókù ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í díbọ́n. Ó ń díbọ́n, ó ń díbọ́n, títí kò fi mọ ibi tó ti kúrò nínú ìdíbọ́n mọ́. Ológbò Shojo sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ó fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú. Belkar mọ̀ pé òun ò dáa, kò fìgbà kan ní òun dáa, ohun tó fi jù yín lọ ò ju ìyẹn náà lọ. Ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ lójú ara ẹ̀, ibo lẹ fẹ́ kí òǹkọ̀wé tún mú un lọ?

Tó bá sì jẹ́ pé paladin ni wọ́n kórìíra, kí wọ́n wo O-Chul. Wọ́n mú un lẹ́yìn tí ìlú ṣubú, wọ́n dá a lóró fún oṣù mélòó kan, wọ́n ní kó sọ àṣírí tí kò mọ̀. Inú àgò ni wọ́n fi í sí. Ohun abàmì míì, tí kì í ṣe ti inú géètì, tí Xykon máa ń fi pa mọ́ sínú òkùnkùn wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn ń sá fún un, O-Chul bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ta ayò, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń bi í léèrè ohun tó wù ú. Ohun abàmì yẹn náà ló wá ràn án lọ́wọ́ tó fi bọ́. Ẹ̀yin náà ti pàdé ohun abàmì yẹn rí o, àǹtí. Òun ló gbá yín sọnù lọ́hùn-ún lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bọ́ lọ́wọ́ Xykon, kò fẹ́ pa yín. Ó dá mi lójú pé ẹ ò ronú kàn án rí pé ojú rere ni.

Nígbà tẹ́ ẹ ń kú lọ, ẹ bi Soon bóyá ẹ ti rí ìràpadà. Ó ní rárá, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń débẹ̀. Ẹ wá bèèrè bóyá ẹ máa rí Windstriker, ó ní á máa wá kí yín. Mo mọ àwọn tó ní kò yẹ kó sọ "rárá" yẹn fún ẹni tó ń kú lọ. Èmi ní ó yẹ. Gbogbo ayé yín, àwọn èèyàn ń sá fún òótọ́ tó yẹ kí wọ́n sọ fún yín, àwọn míì ń fi ìbínú sọ ọ́, ọkùnrin yẹn nìkan ló sọ ọ́ tó sì dúró tì yín. Ẹ sì gbà á lẹ́nu ẹ̀. Ẹ ò bá a jiyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí yín kẹ́ ẹ béèrè nǹkan kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì.

Torí náà, àwọn tó ń jà lé yín lórí, ẹgbẹ́ "ìkà ni" àti ẹgbẹ́ "wọ́n rẹ́ ẹ jẹ", mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n padà lọ ka ibi tí adé yẹn wà nínú àpò Roy, kí wọ́n kà á dé yàrá ìtẹ́ láìfò, kì í ṣe ojú ewé méjì tó bá ọ̀rọ̀ wọn mu nìkan. Ẹni tó bá sì ní èsì fún ìbéèrè tí mo béèrè lókè, nípa ohun tó kù tí òrìṣà lè ṣe, etí mi ń bẹ níbí.

Èmi ni tiyín,
òǹkàwé kan tí ò bá ti fẹ́ bá yín rìnrìn àjò, ká má parọ́.